Fèyí, Òjò Ń Rọ̀ Nínú Fíìmù Yín

Ègbè, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Fèyí ọmọ mi,

Òkun o. Òkun iṣẹ́, òkun ìrìn, òkun ooru Abuja tí ń hó bí omi ẹ̀bà. Ṣé ara le? Ọlọ́run tó fi ọ́ ta wá lọ́rẹ nígbà tí ìyá rẹ ti kó gbogbo aṣọ ọmọ fún aládùúgbò, òun ni yóò máa ṣáájú rẹ jáde, òun náà ni yóò máa tẹ̀lé ọ wọlé. Níbi tí wọ́n bá ti ń wá ẹni tí wọn yóò di ẹ̀bi rù, wọn ò ní rántí orúkọ rẹ. Àmín. Ìyá rẹ kí ọ. Ó ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́, ó ní kí n má ṣe kọ ohun tí yóò bí ọ nínú, mo sì dá a lóhùn pé inú tèmi tó ti ń bí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ká kọ́kọ́ mójú tó.

Nílé níbí, a wà. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, iṣu ẹ̀yìn ilé ti ń yọ orí. Ewúrẹ́ ìyá rẹ wọ ilé ìjọsìn lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ó jẹ òdòdó orí pẹpẹ tán pátápátá kí àdúrà tó parí, nítorí pé gbogbo wa la di ojú. Wọ́n ní kí ìyá rẹ wá ṣàlàyé ara rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀. Tíṣà Priscilla tó ń gbé ilé kejì kí ọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń san.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwọ̀nyí ni mo tìtorí rẹ̀ jókòó. Fèyí, láti ọjọ́ tí mo ti Abuja dé, o ò pè mí. Mo fi ohùn mi ránṣẹ́ sí ọ lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹta, mo ro ẹjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin títí fóònù fi gbóná mọ́ mi lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìkẹta, mo rí i pé o ti máàkì í. O fa igi kéékèèké méjì sí i pẹ̀lú yíǹkì aláwọ̀ aró, bí tíṣà ṣe máa ń fà á síwájú ohun tí ọmọ bá gbà. Inú mi dùn, mo pe ìyá rẹ, mo ní Fèyí ti gbà pé mo tọ̀nà, kódà ẹ̀ẹ̀mejì ló gbà bẹ́ẹ̀. Àfi ìgbà tí mo fi han Tíṣà Priscilla tó ní kì í ṣe máàkì, pé ohun tí igi méjèèjì ń sọ ni pé o ti gbọ́ ọ. Ṣé o gbọ́ ọ, o sì dákẹ́? Ìyẹn ló jẹ́ kí n mú bírò.

Jẹ́ kí n tún un rò, kí o má bàa sọ pé mo fò ó níbì kan. Ìwọ lo ní kí n wá. Ìwọ lo ní, Bàbá, iṣẹ́ tí ẹ ṣe nígbà èwe yín lèmi náà ń ṣe ní ilé sinimá ní Jabi yìí, ọdún mẹ́ta rèé, ẹ ò tíì wá wò ó. Orí mi wú. Ọdún méjìlélógún ni mo fi wà nínú mọ́tò sinimá ìjọba, láti Ìlọrin títí dé ibi tí ọ̀nà parí sí, èmi àti Akínọlá. Akínọlá ń tọ́jú ẹ̀rọ iná, èmi ń fi fíìmù sẹ́nu ẹ̀rọ sinimá. Nígbà tí mo sì rántí pé Apo ni Akínọlá wà báyìí tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, mo ní kó wá bá mi níbẹ̀, kí àwa méjèèjì jọ wo bí ọmọ ṣe ń ṣe iṣẹ́ baba.

Ẹ fi wá sórí àga tó rọ̀ ju bẹ́ẹ̀dì mi lọ, ní agogo méjì ọ̀sán Sátidé. Wọ́n gbé gúgúrú fún wa nínú korobá. Ilé náà kún. Fíìmù bẹ̀rẹ̀, n ò sì tíì fi ẹ̀yìn ti àga tí mo rí òjò. Ìwọ náà mọ ohun tí àwa onísinimá ń pè ní òjò. Tí fíìmù bá ti gba ọwọ́ ènìyàn púpọ̀, tí iyanrìn ti họ ọ́ lára, àwọn ìlà gbọọrọ á máa sáré láti òkè wá sísàlẹ̀ lára aṣọ funfun. Tiyín kì í ṣe òjò lásán, àrọ̀ọ̀rọ̀dá ni. Mo wo Akínọlá, mo ní ta ló gbé irú èyí fún ọmọ mi.

Fíìmù ìjà ni, irú ti àwọn ará Ṣáínà àtijọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ló ṣe é. Bàbá arúgbó kan ń fi orógùn kọ́ àwọn ọmọ bí a ti ń jà, irùngbọ̀n rẹ̀ jẹ́ òwú, mo rí okùn tí wọ́n fi so ó létí. Wọ́n ń jà lórí òrùlé ilé tí wọn kò tíì kọ́ tán ní Jahi. Ẹnu wọn a lọ síwájú, ohùn a máa bọ̀ lẹ́yìn. Ẹnìkan gba ìpá lójú mi, ó ṣubú, ó dìde, ó gbọn eruku kúrò lára, kí ìró ìpá náà tó dé. Mo ń sọ fún Akínọlá pé ẹni tó fi fíìmù yìí sẹ́nu ẹ̀rọ kò fún ohùn ní àyè tó yẹ, ó ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín.

Ibẹ̀ ni fíìmù náà ti jó. Àmì pupa rúsúrúsú yọ láàárín ojú arúgbó náà, ó fẹ̀, ó di ihò, ó ń yọ́ bí ṣúgà nínú iná. Fèyí, ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ yìí rí kì í ro nǹkan kan lẹ́ẹ̀mejì tó bá rí ìyẹn. Àwọn èrò sì ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń kígbe ẹ̀rín.

O ò mọ̀ pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí, nítorí n kì í sọ ọ́. Lọ́dún 1984, ní ìlú kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìsánlú, fíìmù abẹ́rẹ́ àjẹsára jó mọ́ mi lọ́wọ́ níwájú ọba àti gbogbo ìlú. Wọ́n rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe rín in ní Jabi yẹn gẹ́lẹ́. Àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀lé mọ́tò wa, wọ́n ń pè mí ní Bàbá Jóná. Ọ̀gá wa fi mí sí yàrá ìkẹ́rùsí fún oṣù mẹ́fà, mi ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Bi ìyá rẹ léèrè bí mo ṣe rí nígbà yẹn. Nítorí náà, nígbà tí mo gbọ́ ẹ̀rín náà, ìwọ ni mo rò pé wọ́n ń rín. Mo ju korobá gúgúrú sílẹ̀, mo sáré.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ń pariwo kai, Bàbá, kai, n ò dúró. Mo gun àtẹ̀gùn. Mo dé yàrá ẹ̀rọ, n ò bá ènìyàn kankan. Èyí gan-an ló bí mi nínú jù, Fèyí. Onísinimá kì í fi ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀. Èmi a máa jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Lẹ́yìn náà ni mo tó gbọ́ pé ìsàlẹ̀ lo wà tí ò ń gba tíkẹ́ẹ̀tì. Mo wá róòlù fíìmù, kò sí. Ohun tí mo rí ni ẹ̀rọ kan tó tó fíríìjì, ó ń kùn. Mo ní bóyá inú rẹ̀ ni iná náà wà. Mo rí ọwọ́ irin ńlá kan lára ògiri, mo fà á wálẹ̀, gbogbo rẹ̀ kú.

Mo mọ̀ báyìí pé ilé mẹ́ta tí wọ́n ti ń wo fíìmù ni mo pa iná wọn. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ilé méjì ìyókù, nítorí pé àwọn kò ṣẹ̀ mí.

Ọ̀gá rẹ, Ọ̀gbẹ́ni Diméjì, sáré wọlé pẹ̀lú táì rẹ̀ léjìká. Mo ní kó fún mi ní àlùmọ́gàjí àti gọ́ọ̀mù, kí n gé ibi tó jó kúrò kí n sì lẹ̀ ẹ́ pọ̀, kò ní ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ó ní Bàbá, kò sí fíìmù níbí. Mo ní kí ló wá jó. Ó ní nǹkan kan ò jó. Ìwọ náà dé, o sì sọ fún mi pé inú àpótí kékeré kan tó tó ọṣẹ ni fíìmù wà, pé àwọn tó ni ín ti tì í pa, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ a sì máa gba inú íméèlì wá. Ṣé ohun tí mo sọ burú? Mo ní kò dára kí irú kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, àwọn agékọ́kọ́rọ́ pọ̀ ní gáréèjì Jabi, kí ọ̀gá rẹ fún wọn gé òmíràn kí ó fi pamọ́. Ìgbà yẹn lo fi ọwọ́ bo ojú.

Akínọlá wá gòkè wá, ó ń fi hánkáṣíìfù nu omijé ẹ̀rín. Ó ní yẹ̀yẹ́ ni fíìmù náà, pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe gbogbo rẹ̀ ni, òjò, ohùn tó ń pẹ́ dé, títí kan iná. Ó ní ẹnìkan ló fi kọ̀ǹpútà ya àwọn ìlà yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, kó lè jọ àwọn fíìmù Ṣáínà tí a fi ń fa èrò jọ láyé ìgbà yẹn kí a tó fi ti ìjọba hàn wọ́n. Ó ní kò sí ohun tó dùn mọ́ òun tó bẹ́ẹ̀ láti ọdún yìí wá. Ọdún méjìlélógún ni mo fi aṣọ rírọ̀ nu ìlà wọ̀nyí, mo ń di fíìmù mú létí bí ẹni gbé ọmọ tuntun, ẹnìkan wá jókòó lónìí, ó ń yà wọ́n, wọ́n sì ń sanwó fún un. Kí Akínọlá máa rín in. Òun kọ́ ni wọ́n fi sí yàrá ìkẹ́rùsí.

O sìn mí dé gáréèjì. O ra búrẹ́dì àti omi fún mi, o ní ẹ dé ilé ire, o yí padà. Ì bá sàn kí o bá mi jiyàn.

Ṣùgbọ́n Akínọlá pè mí lánàá. Ó ní àwọn èrò ọjọ́ yẹn ti sọ fún àwọn ẹlòmíràn pé tí fíìmù náà bá jó, bàbá arúgbó kan á fò dìde, á sáré pa iná. Wọ́n rò pé ara eré ni mí. Ó ní ní gbogbo Sátidé ni wọ́n ń bèèrè ìgbà tí bàbá ń sáré. Ó ní Ọ̀gbẹ́ni Diméjì ti bá òun sọ̀rọ̀, ó fẹ́ kí n wá máa sáré lóòótọ́, kí n mú àlùmọ́gàjí ńlá kan dání. Akínọlá ti gbà kí n tó mọ̀, ó ní òun ni yóò máa dì mí láṣọ mú láti ẹ̀yìn. Èmi Láníyì, tí ìjọba fún ní ìwé ẹ̀rí. Mo ti fẹ́ pa fóònù.

Ó wá sọ ìyókù. Ó ní ọ̀gá rẹ fẹ́ pè mí fúnra rẹ̀, ìwọ lo kọ̀. Ó ní níwájú gbogbo òṣìṣẹ́ lo ti dá a lóhùn pé bàbá rẹ kì í ṣe apanilẹ́rìn-ín, pé èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́ tí ò ń jẹ lórí rẹ̀. Ó ní torí ẹnu tí o fọ̀ yẹn ni wọ́n ṣe fún ọ ní ìwé kúìrì pé kí o wá wí tẹnu rẹ, kì í ṣe torí iná tí mo pa, pé o sì ti ń kó ẹrù rẹ jọ.

Fèyí, mo jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí ìyá rẹ fi wá bèèrè bóyá ara mi ò yá.

Máa gbọ́ mi. Ẹnu tí o fọ̀ yẹn, má fọ̀ ọ́ mọ́. Wọ́n ti fi mí rẹ́rìn-ín rí, kò pa mí. Èyí tí wọ́n fi mí rín ní 1984, n ò múra sílẹ̀ fún un ni. Tí ó bá jẹ́ èyí tí wọ́n sanwó wá rín, tí kò sì kan ìwọ, jẹ́ kí wọ́n máa rín in. Mo ti ní kí Akínọlá sọ fún ọ̀gá rẹ pé màá wá, ṣùgbọ́n n ò ní gbẹ́sẹ̀ àyàfi tó bá kọ́kọ́ fa kúìrì náà ya lójú mi. Ó pè padà lówùúrọ̀ yìí, ó ní ọ̀gá rẹ ti gbà. Ohun kejì tí mo bèèrè ni kí wọ́n jẹ́ kí n nu gíláàsì kékeré tí iná ẹ̀rọ ń gbà kọjá, nítorí pé àmì ìka ènìyàn wà lára rẹ̀, mo rí i. Ẹ lè sọ pé ìyẹn náà jẹ́ yẹ̀yẹ́.

Nítorí náà, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Jímọ̀. Tí ó bá ṣẹ́ kù, ra bàtà tí kì í yọ̀ fún mi, kápẹ́ẹ̀tì yín fẹ́ẹ̀ ṣẹ́ mi lẹ́sẹ̀ níjọ́sí. Ìyá rẹ náà ní kí o má gbàgbé òògùn ojú rẹ̀. Awakọ̀ tó ń lọ sí Jabi lọ́la ni mo fi lẹ́tà yìí rán.

Tú ẹrù tí o dì. Ọlọ́run tó gbọ́ bí o ṣe gbèjà mi lẹ́yìn mi, kò ní jẹ́ kí o ṣaláìní ẹni tí yóò dìde sáré nítorí tìrẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Láníyì.