Ohun tí Aránṣọ Kà fún Mi

Àkọ́bí mi,

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ èyí o, n kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ṣé àlàáfíà lo wà? Iṣẹ́ ńkọ́, ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ ńkọ́? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o ṣìnà nílùú tí ilé ti pọ̀ ju èèyàn lọ. Ewúrẹ́ wa bí méjì, òrùlé ẹ̀yìnkùlé ṣì ń jò, mo sì ti dé ìwé kẹta ní kíláàsì àwọn àgbà. Olùkọ́ ní ìkọ̀wé mi gún ju ti ọlọ́pàá tó fẹ̀yìn tì tá a jọ wà ní kíláàsì lọ. N kò fi ṣe fáàrí, kí o ṣáà ti gbọ́ ni.

Ọmọ rẹ obìnrin tó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi fi fóònù rẹ̀ hàn mí. Bó bá ti gbé e sókè ìwé, obìnrin kan á máa ka ìwé náà síta láti inú rẹ̀. Mo kí obìnrin náà, mo bi í bóyá ó ti jẹun, kò dá mi lóhùn. Bóyá ọ̀gá rẹ̀ ni kò gbà á láyè. Ni mo bá gbé àpótí lẹ́tà olóògbé bàbá yín jáde, àwọn tó kọ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lójú irin.

O rántí pé aránṣọ ló máa ń kà wọ́n fún mi, torí nígbà yẹn n kò mọ A yàtọ̀ sí àkàbà. Á ní bàbá yín kọ ọ́ pé ojú mi lòun ń rí tóun bá dùbúlẹ̀, òun náà lòun ń rí tóun bá jí. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi dúró dè é fún ọdún mọ́kànlá. Obìnrin inú fóònù wá kà á pé ká tún òrùlé ṣe, ká ra epo àtùpà, ká kí àwọn ọmọ. Ó parí. Mo ní bóyá ó fo ìlà ni. Mo wọ awò ojú mi, mo kà á fúnra mi: òrùlé, epo, àwọn ọmọ.

Àbí aránṣọ ni mo fẹ́ fún ọdún mọ́kànlá tí n kò mọ̀? Mo ru àpótí lọ bá a. Ó ti darúgbó, kò lè ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́. Mo bi í níbo ló ti rí ọ̀rọ̀ dídùn. Ó ní nígbà tí mo ń da omijé ayọ̀ sára aṣọ oníbàárà òun, ṣé mo bi òun? Ó ní kí n rọra bínú, kí n yí ẹ̀yìn lẹ́tà àkọ́kọ́ wò. Pẹ́ńsù ni bàbá yín fi kọ ọ́ síbẹ̀ pé: “Ọ̀rẹ́ mi, ọwọ́ mi kò mọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kọ. Wo ojú rẹ̀, kí o bá mi sọ èyí tó bá yẹ ẹ́.”

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Obìnrin inú fóònù kò purọ́, ṣùgbọ́n kò yí ìwé wò, kò sì rí mi, bẹ́ẹ̀ ojú lọ̀rọ̀ wà. Ta ló wá ni lẹ́tà náà, ẹni tó kọ ọ́, ẹni tó kà á, àbí èmi tí mo gbà á gbọ́? Mo bi olùkọ́, ó ní ká kọjá sí ìṣirò.

Jọ̀wọ́, fi owó awò ojú tuntun ránṣẹ́, kí o fi ti òrùlé kún un, bàbá yín ti sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí. “Mo ti rí i” tí o máa ń kọ sórí fóònù nígbà tí lẹ́tà mi bá dé ọ, mo ti ń dá kà á báyìí. Èmi náà ni mò ń fi iyọ̀ sí i. Wá wo ojú mi, kí o fi ẹnu ara rẹ sọ ìyókù.

Ẹsẹ̀ rẹ á yá, ọ̀nà á là fún ọ, ọmọ rẹ náà á kọ̀wé sí ọ.

Èmi ni, ìyá rẹ tó ti mọ̀wé.