Èèpo Kòkó Tí Mo Dáná Sun

Ìyá Wúrà mi,

Mo dé Àkúrẹ́ láyọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru náà kò fi bẹ́ẹ̀ yọ mí lẹ́nu. Ilé ọmọ wa lẹ́yìn Ọjà Ọba tutù dáadáa, má fòyà.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan ló wà. Lánàá, mo rí àpò èèpo kòkó gbígbẹ mẹ́ta ní ẹ̀yìnkùlé. Mo rò pé Wúrà fẹ́ fi se ọṣẹ dúdú bíi tìrẹ ni. Mo ní kí n ràn án lọ́wọ́, mo dáná sun ún, mo sì jọ eérú rẹ̀ kúnná. Nígbà tó dé, ó wo eérú títí, ó ní, "Bàámi, ẹ̀wù tí mo fẹ́ gbé jáde níbi àfihàn aṣọ ní Sátidé lẹ sun yẹn."

Ẹ̀wù! Ó ní òun á gé èèpo náà wẹ́wẹ́, òun á fi wáyà so ó pọ̀ bí ìpẹ́ ẹja. Ta ni ìbá mọ̀? Kí ló dé tí kò kọ ọ́ sára àpò?

Jọ̀ọ́, ní kí Akíntóyè àbúrò mi ṣa èèpo gbígbẹ lóko, kó fi mọ́tò àárọ̀ ọ̀la ránṣẹ́ láti Oǹdó. Kó má mú èyí tó ti jẹrà. Bí òjò bá wá pa á lọ́nà ńkọ́?

Mo fi eérú náà rán ẹni tó mú ìwé yìí wá. Má jẹ́ kó ṣòfò.

Wúrà kí ọ. Òun kọ́ ló rán mi o. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti àná, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé yóò fẹ́ kí ọ.

Èmi ni,
Bàbá Wúrà