Ata Dúdú Tó Pa Gbogbo Ilé Lẹ́kún

Ajílẹ̀tẹ̀,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án, 1978.

Fúnmilọ́lá ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Èkó, ṣé o sì ń jẹun dáadáa? Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Gbogbo wa wà pa, àfi ọ̀fun tó ṣì ń ta wá, ohun tó sì fà á ni mo fẹ́ rò fún ọ.

Ìwé tí o kọ pé Akínbọ̀wálé, ọkùnrin tí o fẹ́ fẹ́, ń bọ̀ wá kí wa tẹ̀ wá lọ́wọ́. O ní láti ìgbà tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé, kò sí oúnjẹ tó fẹ́ràn tó sitéèkì, ẹran màlúù tí àwọn òyìnbó ń yan, o sì kọ bí a ó ṣe sè é. Nígbà tí mo kà á fún ìyá rẹ débi tí o ti ní kí inú ẹran náà ṣì pọ́n, mo ká ìwé náà, mo ní èmi kò bí ọmọ fún ẹkùn. Ìyá rẹ ní kí n kàwé lọ jàre.

O ní ká wá kirimu. Bàrúwà onísọ́ọ̀bù gbé èyí tí wọ́n fi ń pa irun jáde, ó ní Kútọnu ló ti wá, kò sí èyí tó dára jù ú lọ. Ìyá rẹ gbóòórùn rẹ̀, ó dá a padà, ó lọ ra ọ̀rá orí wàrà lọ́wọ́ ìyàwó Fúlàní.

O tún ní ata dúdú. Ata pupa ló wà lóko wa, nítorí náà ìyá rẹ da odidi igbá kan sínú agbada, ó ń yan án kó lè dúdú. Fúnmilọ́lá, èéfín náà! Ewúrẹ́ ń sín. Sàláúdéènì télọ̀ tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa sá jáde tòun ti ṣòkòtò tó ń rán lọ́wọ́, ó ń béèrè ẹni tó fẹ́ pa òun. Ìyá rẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, èmi náà di ògiri mú, gbogbo wa ń da omijé pòròpòrò.

Bí ọkọ rẹ ṣe wọlé nìyẹn. Ó wo ojú wa, kò béèrè nǹkan kan, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja tòun ti kóòtù, ó bú sẹ́kún, ó ní ẹ kú ará fẹ́ra kù, pé ikú yìí dun òun púpọ̀. Ìgbà tí ìyá rẹ rí ohùn lò ló tó sọ fún un pé kò sẹ́ni tó kú, ata ni.

Ojú tì mí. Ṣùgbọ́n ó dìde, ó nu imú, ó bọ́ kóòtù, ó ní kí ìyá rẹ yá òun ní ìró. Ó ní iyèré ni òyìnbó ń pè ní ata dúdú. Ó gún un, ó pò ó mọ́ ọ̀rá wàrà, ó yan ẹran. Nígbà tó sọ ọ́ kalẹ̀, ó ní ká jẹ́ kó sinmi. Mo bi í pé iṣẹ́ wo ni ẹran ṣe. Síbẹ̀ a bò ó, Sàláúdéènì sì ní ká má pariwo kó má bàa jí.

Àárín rẹ̀ pọ́n lóòótọ́. Mo dijú, mo gbé e mì, mo tún béèrè òmíràn. Má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọmọ mi, fẹ́ ọkùnrin náà. Ẹni tó sunkún tó báyẹn nítorí òkú tí kò mọ orúkọ rẹ̀ yóò lè bá ọ sun tìrẹ.

Wàhálà kan ṣoṣo ló kù. Láti ọjọ́ náà ni ìyá rẹ ti ń bi mí pé kí ló ṣe ọwọ́ tèmi tí n kò fi dáná rí láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí a ti fẹ́ra. Jọ̀wọ́, fi owó ẹran díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, nítorí èyí tí mo sè ní ọjọ́ Àìkú, ajá wa gbóòórùn rẹ̀, ó sì kẹ̀yìn sí i.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ilé rẹ tù ọ́ lára, ọmọ yóò pọ̀ níbẹ̀, ọkọ rẹ kò sì ní gbàgbé ọ̀nà ilé ìdáná láéláé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọdẹkúnlé.