Èdìdì Pupa tí Ọ̀gbẹ́ni Pruett Fi De Sítóòfù Wa

Ilé Kẹrìnlá, Òpópónà Cutbank,
Tolley's Landing,
Alaska.
20 Oṣù Kìn-ín-ní, 2023.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Mójú Tó Afẹ́fẹ́ Ìlú,
Tolley's Landing,
Alaska.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÒṢÌṢẸ́ YÍN TÓ DI Ẹ̀BI ARA RẸ̀ RU SÍTÓÒFÙ WA

1. Inú ń bí mi, n kò sì ní fi pamọ́ fún yín. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, Ọ̀gbẹ́ni Pruett tó ń bá yín yẹ ilé wò fi èdìdì pupa de sítóòfù onígi wa. Ó ní iná rẹ̀ ti kú sínú, ó sì ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́. Sítóòfù yìí kan náà ni ẹ pàṣẹ pé kí a rà ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, nígbà tí ẹ ní kí a ju ti àtijọ́ nù.

2. Ó jọ pé ẹnikẹ́ni kò sọ fún òṣìṣẹ́ yín bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ní agogo mẹ́jọ alẹ́, Orrin ọkọ mi á kó igi gbígbẹ kún un, á sì jẹ́ kí ó jó títí tí ooru rẹ̀ á fi tó. Nígbà náà ni á ti ilẹ̀kùn ẹ̀bùrú òkè, kí èéfín má baà gba páìpù lọ tààrà, kí ó gba inú ajèéfín, àwo oníhò wẹ́wẹ́ bí afárá oyin tó ń jó èéfín fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà á dín afẹ́fẹ́ kù. Kò ní pẹ́ tí ọwọ́ iná á pòórá, tí gíláàsì á dúdú. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ó ti kú. Bẹ́ẹ̀ ìgbà náà gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ jù, ilé á sì móoru di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ohun funfun tó ń jáde lórí òrùlé, ooru omi lásán ni. Kì í jìnnà tó fi ń pòórá.

3. Funfun yẹn ni Ọ̀gbẹ́ni Pruett rí láti títì tó fi wọlé. Ó wo gíláàsì dúdú, ó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn onígíláàsì tó wà níwájú. Orrin, tí eruku ibi ìwakùsà ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́, sọ fún un pé, "Ọ̀gá, ẹ kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀bùrú òkè yẹn ná." Ó dá a lóhùn pé, "Bàbá, mo mọ iṣẹ́ mi." Ó sì ṣí ti iwájú láìfọwọ́ kan ti òkè.

4. Gbogbo èéfín tí kò rọ́nà gba òkè ya lu yàrá. Orrin wúkọ́ títí ètè rẹ̀ fi dúdú. Ọ̀gbẹ́ni Pruett wá kọ ọ́ sínú ìwé pé èéfín púpọ̀ jáde láti inú sítóòfù náà. Òótọ́ ni, òun ló tú u jáde. Àwọn àgbà ní èéfín nìwà. Èyí tó kún yàrá wa, ìwà tirẹ̀ ni.

5. Mo pe ọ́fíìsì yín lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní kí n dúró de ìpàdé oṣù tó ń bọ̀. Òtútù kò bá wa dúró. Ní alẹ́ Ọjọ́rú, ó fi ìwọ̀n mẹ́rìnlélógójì rẹlẹ̀ sí òdo. Epo inú táǹkì ìta dì bí òrí, ẹ̀rọ amúlégbóná wa kejì tó ń lo epo náà sì kú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, omi inú abọ́ ajá wa ti di yìnyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọkọ mi.

6. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Mo bẹ̀ yín, ẹ fa ìwé náà ya, kí ẹ sì rán Ọ̀gbẹ́ni Pruett wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Orrin. Orrin ti ní òun á kọ́ ọ bí sítóòfù náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó ní sùúrù jù mí lọ.

7. Ní ti èdìdì yín, a kọ ọ́ sí i lára pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo fi ọ̀bẹ ẹja gé e. Èmi ni, kì í ṣe Orrin. Orúkọ mi ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Èdìdì náà wà nínú àpòòwé yìí. Bí ẹ bá fẹ́ dá a padà, kí Ọ̀gbẹ́ni Pruett mú un wá fúnra rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ gbé ọwọ́ lé àyà ọkọ mi, kí ó gbọ́ bí ó ṣe ń mí, kí ó tó dè é.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dópin.

Èmi ni tiyín, láti ilé tó ti móoru padà,

Verna Tollefsen (Ìyáàfin)