Ọdún Tó Wà Nídìí Pákó

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Mo gbàgbọ́ pé ara gbogbo yín le. Tèmi náà le, orúnkún nìkan ló ń bá mi jà.

Mo kọ̀wé sí ọ ṣáájú pé kí o wá gba ṣọ́ọ̀bù káfíńtà baba yín lọ́wọ́ àbúrò rẹ kó tó run ún. O fèsì pé o ti rí ẹni tí yóò gbà á, àti pé ẹ jọ ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Jọ̀ọ́, ka èyí tán kí o tó di ẹrù.

O mọ̀ pé n kì í tètè gba ènìyàn gbọ́. Láti ọdún mẹ́ta tí baba yín ti lọ ni mo ti ti yàrá tí pákó ti ń gbẹ pa. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni mò ń ṣí i, tí mò ń ka pákó ọdún náà fún àbúrò rẹ. Ó máa ń bẹ̀ mí pé, "Màámi, ẹ jẹ́ kí n kó pákó tútù síbẹ̀." Mo ní irọ́ ni, èyí tó gbẹ ló fẹ́ kó jáde. Ṣé ẹni tí baba yín sọ ní Tòní-là-ń-jẹ láti kékeré ni yóò máa ro ti ọ̀la?

Lóṣù tó kọjá, mo rí òróró lára àgádágodo, èmi kọ́ ni mo fi sí i. Mo rí èérún pákó lẹ́nu ọ̀nà. Bí mo bá yọ sí i, á yára nu ọwọ́, á máa kọrin. Aránṣọ òdìkejì wá sọ fún mi pé ọkọ̀ akẹ́rù kan wá lọ́jọ́ tí mo lọ rí dókítà, pákó ló kún inú rẹ̀. N kò bi í bóyá ọkọ̀ náà ń kó o bọ̀ ni tàbí ó ń kó o lọ.

Kò sí orúkọ tí n kò pè é: aláìnírònú, aláìròtẹ́lẹ̀, a-jèso-gégi. Mo ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Òun bó bá ṣubú, oúnjẹ ló ń wò. Ńṣe ló ń fá pákó rẹ̀ lọ. Ìyẹn ló bí mi nínú tí mo fi kọ̀wé sí ọ.

Lọ́sàn-án Àbámẹ́ta, ó gbé ilẹ̀kùn lọ fún oníbàárà. Mo ṣí yàrá náà kí n lè rí ẹ̀rí tí n óò fi hàn ọ́. Pákó baba yín pé, ẹyọ kan kò dín. Lára ògiri kejì ni mo ti rí pákó tútù, tí a tò dáadáa, tí a fi igi wẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín wọn kí atẹ́gùn lè gbà á. O rántí pé baba yín kì í kọ ọdún tí pákó wọlé. Ọdún tí yóò gbẹ, ìyẹn ọdún kẹrin, ló máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ sí ìdí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àbúrò rẹ kọ ọ́.

Mo wá wo ti baba yín. Ọdún tó ń bọ̀ ló wà lára èyí tó kẹ́yìn. Lẹ́yìn ìyẹn, ọdún méjì gbáko ni kò ní sí pákó gbígbẹ rárá, kí ti àbúrò rẹ tó tó lò. Ilẹ̀kùn tí a bá sì fi pákó tútù kàn, lílọ́ ni yóò lọ́. Ta ló fa ọdún méjì yẹn? Èmi tí mo ń ṣọ́ èyí tó wà, tí n kò jẹ́ kí òmíràn wọlé. Ojú tì mí, ọmọ mi.

Nígbà tó dé, mo fi kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ mú tiyín, Màámi. Mo ti ṣe kọ́kọ́rọ́ tèmi." Ó wá bi mí pé, "Ẹ ò tíì sọ fún Bùọ̀dá, àbí?" Mo ní rárá.

Nítorí náà, ìwọ nìkan ni kí o wá lọ́jọ́ Ẹtì. Sọ fún ẹni yẹn pé ṣọ́ọ̀bù ti ní ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Ya lẹ́tà mi àkọ́kọ́. Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, má jẹ́ kí tèmi di méjì.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ojú rẹ máa rí iwájú ju tèmi lọ. Kí àwọn ọmọ rẹ má fura sí ara wọn láé. Wàá dé láyọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ, tí ìfura fẹ́ bà jẹ́,
Màámi

Mo gbàgbé o: láàárọ̀ yìí mo tún lọ ka pákó tútù náà, kí n má baà parọ́ fún ọ. Mẹ́rìnlélógún ni. Ó gbàgbé láti kọ ọdún sí ẹyọ kan. Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo kọ ọ́ fúnra mi.