Ọsàn Tí Mi Ò Kọ Sínú Ìwé

                                        Ilé Kẹrìnlá, Òpópónà Kejì,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà, ọdún 2019.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o gun àtẹ̀gùn? Bàbá ilé ńkọ́, ṣé ó ṣì ń bá rédíò jà? Gbogbo ọmọ àti ọmọọmọ ńkọ́? Ara tèmi le, àfi ojú yìí. Tí o bá rí i pé lẹ́tà mi rí gbàǹgbà bí ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ìwé, ojú ló fà á. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ṣùgbọ́n mi ò ní bẹ ẹnikẹ́ni kó bá mi kọ ọ̀rọ̀ ara mi.

O mọ̀ pé awọ ti bo ojú ọ̀tún mi, o sì mọ̀ pé mo ní ìtọ̀ ṣúgà. Ohun tí o kò mọ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀mejì ni dókítà ojú ti dá mi padà. Ó ní òun ò ní fi abẹ kan ojú mi àfi tí ṣúgà náà bá wálẹ̀. Èmi tí mo ti ń ránṣọ láti ogójì ọdún ó lé, ọmọ mi ló ń bá mi fi òwú sí abẹ́rẹ́. Mo rán apá ẹ̀wù olùkọ́ kan sódì, mo sọ fún un pé bí wọ́n ṣe ń rán an lóde òní nìyẹn. Kò gbà.

Wọ́n ní kí n máa kọ gbogbo ohun tí mo bá jẹ àti èyí tí mo bá mu sínú ìwé. Mo ń kọ ọ́. Ẹyin, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, omi. Láti ìparí ọdún tó kọjá, mi ò fi ẹnu kan ọtí ẹlẹ́rìndòdò oníṣúgà. Síbẹ̀ ṣúgà ń gòkè. Ọmọ mi yẹ ìwé náà wò, ó yẹ kọ́bọ́ọ̀dù wò, ó ní, “Màmá, ẹ sọ òótọ́. Ibo lẹ ń fi bisikíìtì pamọ́ sí?” Èmi tí mo bí i. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko, “òwú” nìkan ni ọ̀rọ̀ tí mo bá a sọ.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méje sẹ́yìn, mo tún lọ sílé ìwòsàn. Àkókò oògùn bá mi lórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀, mo bá yọ páálí omi ọsàn mi nínú báàgì, mo dà á sínú ife ńlá tí o fún mi. Nọ́ọ̀sì kan tó ń kọjá dúró.

“Màmá, kí lẹ ń mu yẹn?”

“Mi ò mu nǹkan kan. Oògùn ni mò ń lò.”

“Mo rí oògùn. Èyí tó wà nínú ife ńkọ́?”

Mo ní omi ọsàn ni, pé oògùn náà korò, pé ó ti tó oṣù mẹ́rin tí mo ti ń fi gbé e mì, ife kan láàárọ̀, ife kan lálẹ́. Ó gba ife náà, ó yí i wò. “Màmá, ife yìí tó wẹ ọmọ tuntun.” Obìnrin tó jókòó tì mí rẹ́rìn-ín. Mo wò ó, ó dákẹ́.

Mo ní wọ́n kọ ọ́ sára páálí pé wọn ò fi ṣúgà sí i, èmi fúnra mi ni mo kà á. Ó ní òótọ́ ni, ọsàn ló gbé tirẹ̀ wá. Ó ní ọsàn bíi mẹ́fà ni wọ́n máa fún kí ife mi tó kún, háhá tí kì í jẹ́ kí ṣúgà yára wọnú ẹ̀jẹ̀, wọ́n ti dà á nù. “Ṣé ẹ lè jẹ ọsàn mẹ́fà níjòókòó kan?” Mo ní ẹyọ kan ti tó mi. “Ẹ máa jẹ ẹyọ kan yẹn.” Tó bá jẹ́ dandan kí n mu ún, ìdajì ife kékeré lóòjọ́, pẹ̀lú oúnjẹ.

Mo bi í nípa ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí kò ní ṣúgà, irú èyí tí ọmọ mi ń mu nítorí ìsanra. Ó ní kò ní gbé ṣúgà mi sókè, ó sàn ju èyí tó ní ṣúgà lọ, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ahọ́n gbàgbé adùn. Omi ni ọ̀gá. Mo tọ́ ọ wò. Adùn rẹ̀ ń parọ́ lẹ́nu. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni mo ń mu ún.

O máa ní kí ló dé tí mi ò kọ omi ọsàn sínú ìwé. Ta ní ń kọ ohun tó fi gbé oògùn mì? Mo kà á mọ́ oògùn ni. Mi ò parọ́.

Ṣùgbọ́n mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ ọmọ, ọjọ́ orí mi sì ti kọjá ẹni tó ń kọ́ ọ. Mo mú ìwé náà, mo bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé àkọ́kọ́, mo ń kọ ọ́ sábẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan: ọsàn, ife ńlá, àárọ̀, ọsàn, ife ńlá, alẹ́. Ọ̀sán mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́ tán. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo oúnjẹ ọmọ mi. Ó kà á dé òpin.

Mo ní, “Bisikíìtì ńkọ́? Ṣé o rí i níbẹ̀?”

“Mi ò rí i, Màmá. Ẹ má bínú.”

Mo ní ó ti tán. Ló bá gbé ife ńlá náà kúrò nílé ìdáná. Àlùmọ́gàjí àti téèpù ló wà nínú rẹ̀ báyìí, má jẹ́ kó dùn ọ́. Méjì lo rà nígbà náà, mo rántí. Yẹ ohun tó wà nínú tìrẹ wò.

Bá mi kí bàbá ilé, kí o sì kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, má kàn sọ pé mo kí gbogbo wọn.

Ṣúgà ti wálẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ṣiṣẹ́ ojú náà. Mo ti ra abẹ́rẹ́ tuntun kan, èyí tí ihò rẹ̀ kéré jù nínú ṣọ́ọ̀bù, mo fi í gún kọ́tìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Mo ti kìlọ̀ fún ọmọ mi pé kò gbọdọ̀ fi òwú sí i.

Èmi náà ni, tìrẹ láti ọjọ́ pípẹ́,

Ìyá Aránṣọ.