Wọ́n Ní Àlejò Ni Mí

Màmá mi,

Ara mi le, mo sì ń jẹun dáadáa. Ẹ rántí pé èmi ni mo kọ́kọ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù níbí, nígbà tí gbogbo àdúgbò ṣì jẹ́ igbó. Páànù tí mo tà ni wọ́n fi bo ilé wọn, àwọn náà ló sì dìbò tí mo fi di kánsílọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, onígbàjámọ̀ tí mo fún láyè níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, tóun náà ti di kánsílọ̀, dìde nípàdé. Ó ní, “Àlejò ò gbọdọ̀ ṣòfin fún wa mọ́.” Gbogbo wọn nawọ́ sókè. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, “Ẹ ṣeun.”

Wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù náà pa, nítorí náà mo ń ráyè sinmi gan-an.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ sọ fún ìyàwó mi kó má tíì di ẹrù. A ṣì ń kun ilé lọ́wọ́.

Èmi ọmọ yín.